Ohun Tí Wọ́n Gbé Sórí Mọ́tò Àjàgbé

Wọ́n ní Àjàgbé… Ẹ rọra, ẹ má pariwo. Àjàgbé wo? Àjàgbé oníkẹ̀kẹ́, ti ìtòsí rélùwéè. Háà, àná òde yìí ni mo rí i, ó ń… Àná lo rí i. Àárọ̀ yìí ni wọ́n rí mọ́tò rẹ̀ n'Ìbòkun, wọ́n gbé e sórí, wọ́n sì fi aṣọ funfun… Orí mọ́tò kẹ̀? Orí mọ́tò ni mo wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbé e lọ, èyí obìnrin ò tilẹ̀ lè… Màrìwò ńkọ́? Níwájú, lẹ́yìn. Ìnáà lílàhì. Iléṣà sì ni ìyá rẹ̀ ti wá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹn-ẹn, ẹ ò wá rí i pé…

Bí òfófó náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ Òṣogbo nìyẹn, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Kò gun kẹ̀kẹ́, kò wọ mọ́tò, síbẹ̀ nígbà tí oòrùn fi kàtàrí, ó ti kárí ọjà, ó sì ti yà kí wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó gbọ́ ìdajì a fi ìdajì tirẹ̀ lé e, a sì gbé e fún ẹlòmíràn ní odindi.

Raliat ọmọ Àjàgbé kò sí nílé láti gbọ́ ọ. Òun ni "èyí obìnrin" tí wọ́n ń wí. Inú mọ́tò náà ló wà, òun àti Mọ́ṣúdù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun gan-an ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí wọ́n dè mọ́ orí mọ́tò yẹn. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, àfi ká ti ibi yíyàn náà mú un.

Lọ́dún náà, ìyẹn ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì kó máa rìn lápá ọ̀tún, Raliat pé ọmọ ogún ọdún. Kò rí ilé ìwé wọ̀. Ìdí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti kàwé tirẹ̀, ó sì kà á yanjú. Ó lè tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ kó tún un tò kí ẹni tó ni ín tó jẹ àkàrà ọwọ́ rẹ̀ tán. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń kọjá lójú títì, etí lásán ló fi ń mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí oníbàárà bá kí i, ilẹ̀ ló máa ń wò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì, ó sì máa ń ṣẹ́ kù fún ará àdúgbò.

Ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tó ń jẹ́ Gbádéyan, aláṣọ tí ojú mọ̀. Ó ránṣẹ́ sí Àjàgbé pé kó gbé kẹ̀kẹ́ tuntun méjì wá fún àwọn ìbejì òun. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn nígbà tí òun wá s'Óṣogbo, bí kẹ̀kẹ́ méjèèjì bá sì tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun wà lófo, kí ọmọ náà wá máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀. Raliat gbọ́ ọ, ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì fi rí oorun sùn dáadáa.

Sikirat, àbúrò Àjàgbé obìnrin, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Fìlà ni Sikirat ń rán, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní Raliat kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì. Ó ní ọmọbìnrin tí èékánná rẹ̀ dúdú fún gírísì, ta ni yóò gbé e níyàwó bí kì í bá ṣe mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ náà tì síwá, ó tì sẹ́yìn, títí Àjàgbé fi ṣe ìdájọ́ tirẹ̀.

“Kẹ̀kẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dé Iléṣà pẹ̀lú bébà lára wọn,” ó wí fún Raliat. “Bí ọ̀dà bá họ lára ọ̀kan, ì báà má ju èékánná ìka kékeré lọ, ìdí fìlà Sikirat lo ti máa lo ayé rẹ.”

Bébà tó ń wí ni bébà rẹ́súrẹ́sú tí àwọn òyìnbó fi ń wé irin kẹ̀kẹ́ tuntun. Ẹni tó bá mọ iyì owó rẹ̀ nígbà náà kì í já a. Yóò gun kẹ̀kẹ́ fún odindi ọdún kan, òjò yóò pa á, bébà yóò rà mọ́ ọn lára, síbẹ̀ kò ní já a, kí ọ̀tá má baà sọ pé tòkunbọ̀ ni. Gbádéyan jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọn kò lè gun kẹ̀kẹ́ náà lọ. Lọ́rí àkérò kò ṣeé gbé e sí pẹ̀lú, nítorí ewúrẹ́ yóò sùn lé e, iṣu yóò sì yí lù ú. Ó di orí Mọ́rísì Àjàgbé, mọ́tò dúdú kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan jẹ́ àwọ̀ ewéko, nítorí ara mọ́tò mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tó kù ni ohun tí wọ́n máa dè mọ́ orí rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ yóò jókòó lé.

Ọdúntán wẹ́dà ló kọ́kọ́ dé. Irin ibùsùn àtijọ́ ló fẹ́ jó pọ̀. Ó ní ìyálé ilé kan tó bí ọmọ mẹ́sàn-án ló ti sùn lórí irin náà, òun àti ọkọ rẹ̀, irin ò sì tẹ̀ rí. Àjàgbé ní kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ibùsùn náà ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé e sókè ká wò ó. Wọ́n gbé e sórí Mọ́rísì, òrùlé mọ́tò sì wọnú lọ bí ikùn ẹni tó ń gbààwẹ̀. Raliat fọwọ́ ra ojú ibi tí Ọdúntán ti jó o, ó rí i pé ó ń gé ni lọ́wọ́, ó bá mi orí. Ọdúntán gbé irin rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ti wọnú iṣẹ́ irin, ayé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Adéjọbí tíṣà ló tẹ̀ lé e. Ìwé aláwòrán kan ló gbé wá, tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti London. Nínú ìwé náà, òyìnbó ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró ti mọ́tò, kẹ̀kẹ́ méjì sì rọ̀ sí ìdí mọ́tò lórí irin kan báyìí tó ní bẹ́líìtì. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Àjàgbé wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́, ó bi tíṣà bóyá mọ́tò wọn ti bàjẹ́ ni. Tíṣà ní rárá, pé ṣe ni wọ́n ń wa mọ́tò lọ sínú igbó, wọ́n á sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, wọ́n á gùn ún yíká, wọ́n á tún gbé e padà sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á sì máa lọ sílé.

“Ta ló rán wọn?” Àjàgbé bi í.

“Kò sẹ́ni tó rán wọn, Bàbá. Fàájì ni.”

Àjàgbé pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó ní àánú ìyá tó bí wọn ló ṣe òun. Ó ní ẹni tó ní mọ́tò tó tún lọ ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ nínú igbó, ó jọ ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lérí lọ tọrọ iyọ̀ lóko. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú omi yóò fi gbé irú irin bẹ́ẹ̀ dé, ibi tó sì rọ̀ sí ni gbogbo eruku ọ̀nà Iléṣà máa ń kóra jọ sí. Raliat ní tirẹ̀ ti rí ohun tó wúlò nínú àwòrán náà. Orí kẹ̀kẹ́ kan kọjú síwájú, orí èkejì kọjú sẹ́yìn, kí ọwọ́ wọn má baà máa gbá ara wọn. Ó fi ìyẹn pamọ́ sínú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n parí rẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Sànúsí káfíńtà. Sànúsí a máa kan ilẹ̀kùn, a máa kan bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni àtẹ pákó gbọọrọ tí àwọn Mùsùlùmí fi ń gbé òkú lọ sí ìsìnkú. Tuntun kan dúró ti ògiri níbẹ̀, ó fúyẹ́, ó ní ìgbátí lọ́tùn-ún lósì, igi tí wọ́n fi ń gbé e sì yọ jáde níwájú àti lẹ́yìn. Raliat dúró níwájú rẹ̀. Ó fa okùn yọ láti àpò, ó wọn gígùn, ó wọn ìbú. Bí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kúrò, tí wọ́n kọ orí ọ̀kan síwájú kí wọ́n kọ ti èkejì sẹ́yìn, méjèèjì á sùn síbẹ̀ bí ìbejì. Igi sì ni, igi kì í họ ọ̀dà.

Sikirat tó tẹ̀ lé wọn wá rí ibi tí okùn ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sànúsí ní kó fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì dùbúlẹ̀ lé èyí rí.

“Iṣẹ́ mi dára,” ó wí. “Láti ogún ọdún tí mo ti ń kàn án, kò sí ẹni tí mo gbé rí tó padà wá sọ fún mi pé ibẹ̀ le.”

Àjàgbé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ náà dáwọ́ dúró, wọ́n gbọ́ ohùn kan tí wọn kì í sábà gbọ́.

“Èyí ni mo mú,” Raliat wí.

Sànúsí rọ òwú sínú àpò ìrẹsì, ó kàn án mọ́ gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti fara kan igi. Raliat mú aṣọ funfun ńlá tí wọ́n fi ń bo ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi bo kẹ̀kẹ́ méjèèjì nítorí eruku. Nítorí igi àtẹ náà yọ síwájú àti sẹ́yìn, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn kí ẹlòmíràn lè rí i. Àárọ̀ kùtù Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra. Ẹ̀yìn ń dun Àjàgbé, kò lè bá wọn lọ, kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí Mọ́ṣúdù máa rọra wà á, Mọ́ṣúdù ní ó ti yé òun, ó sì fò jáde bí ẹni tí oyin ń lé.

Ìyà ni Raliat jẹ kí wọ́n tó rìn jìnnà. Ọ̀nà tóóró ni, lọ́rí tó bá sì ń bọ̀ kì í rí Mọ́rísì sójú. Bí ọ̀kan bá ti fẹ́ dé, Mọ́ṣúdù á sáré wọ koríko, ẹ̀ka igi á máa nà wọ́n lórí, òkúta á ta pàà mọ́ aṣọ funfun. Gbogbo òkúta tó ta, àyà Raliat ló ń bà. Ó ń rí fìlà lójú ara rẹ̀: fìlà aláwọ̀ ewé, fìlà aláwọ̀ aró, fìlà títí di ọjọ́ ikú. Nígbà tó yá, atẹ́gùn lọ́rí kan já àwọn àkísà pupa náà lọ.

Mọ́ṣúdù dúró lẹ́bàá ọ̀pẹ kan. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé Èkó, ó sì gbàgbọ́ pé ohun tí òun kò mọ̀ kò sí láyé. Ó fi àdá gé màrìwò tútù, ó so ó mọ́ igi níwájú, ó so ó mọ́ igi lẹ́yìn, ó ní ohun tó bá ṣáà ti ń fì, àmì ni. Raliat wo màrìwò. Ó wo aṣọ funfun. Ó wo àtẹ pákó Sànúsí. Ọmọ tó ń jókòó ti àgbà ni, ó mọ ohun tí mọ́tò tó bá so màrìwò mọ́ iwájú ń gbé. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

Ìgbà náà gan-an ni lọ́rí agégẹdú kan yọ láti kọ́nà, ńlá bí ilé. Awakọ̀ rẹ̀ rí wọn. Ó tẹ bíréèkì, ó rọra fa lọ́rí rẹ̀ sínú koríko, ó ṣí fìlà lórí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Mọ́rísì fi kọjá. Òkúta kan kò ta.

Raliat pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà di ti wọn. Takisí yà, alùpùpù yà, ọlọ́kọ̀ ńlá tí kì í yà fún bàbá tó bí i yà. Àwọn tó ń lọ sóko sọ ọkọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Mọ́ṣúdù ní àwọn èèyàn apá ibí yìí mà níwà o, kò dà bí Èkó. Raliat ń wo iwájú, ó ń rọra mí.

Ìbòkun ni omi Mọ́rísì ti hó. Mọ́ṣúdù gbé agolo lọ wá omi, ó fi Raliat sílẹ̀ nínú mọ́tò. Kò pẹ́, obìnrin mẹ́ta pé jọ sí i, lẹ́yìn náà mẹ́fà, lẹ́yìn náà bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Julianah oníbúrẹ́dì ló ṣáájú wọn. Àjàgbé ló máa ń bá ọkọ Julianah tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ojú Julianah sì kọ́kọ́ lọ síbi ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewéko. Ó wo inú mọ́tò, kò rí Àjàgbé. Ó wo òkè. Ẹkún sọ.

Raliat bọ́ sílẹ̀. Ó fi gbogbo agbára tó ní sọ òótọ́ fún wọn, pé kẹ̀kẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju gbogbo èyí tó ti sọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Ó di etí aṣọ mú láti ṣí i hàn wọ́n. Julianah gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ta ni ẹ rí tó ń gbé òkú lọ sílé tó jẹ́wọ́ fún ará ọ̀nà? Bí ọmọ náà ṣe ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Nígbà tí Mọ́ṣúdù fi gbé omi dé, Julianah ti gbé agbọ̀n búrẹ́dì rẹ̀ wọ lọ́rí Òṣogbo.

Kí wọ́n tó wọ Iléṣà, Raliat ní kí Mọ́ṣúdù dúró, ó sì já màrìwò méjèèjì sọ nù. Gbádéyan gbé gíláàsì sójú. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ irin kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan wò, ìdí rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni. Bébà kò ya. Ọ̀dà kò họ. Ó fa bébà tirẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i pé òun gba kẹ̀kẹ́ méjì láìní àbùkù, pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dúró. Raliat ká a sínú ìró rẹ̀. Títí wọ́n fi padà dé Òṣogbo, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé wọn kún bámúbámú. Àwọn kan jókòó sórí ẹní, Lèmọ́mù jókòó láàárín. Àjàgbé fúnra rẹ̀ wà lórí àga, aṣọ ìnura lọ́rùn, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná níbi òkú ara rẹ̀.

Raliat àti Mọ́ṣúdù gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Inú yàrá ni Àjàgbé dùbúlẹ̀ sí, tó ń tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí Sikirat já wọ agbo ilé pẹ̀lú ẹkún, tó ń ka ìwà rere rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ogójì ọdún, Àjàgbé kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ṣe dáadáa, kò sì fẹ́ dá a dúró. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí ó fi kà á tán. Ìgbà tó wá jáde tó ní kó tún ibi tó ti sọ pé òun lawọ́ sọ, Sikirat dákú. Sànúsí ní tirẹ̀ mọ̀ dájú pé kẹ̀kẹ́ ló wà lórí àtẹ òun, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ìlú ní òkú ni, ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àṣé ọmọ náà kàn fi ọgbọ́n wọn bàbá rẹ̀ ni.

Ojú Àjàgbé kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. Raliat na bébà Gbádéyan sí i. Ó kà á, ó gbé e sórí itan.

“Ta ló so màrìwò?”

Mọ́ṣúdù ní òun ni, òun kò mọ̀. Gbogbo agbo ilé gbà pé kò mọ̀.

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo mọ̀,” Raliat wí. “Ṣe ni àwọn lọ́rí ń yà fún wa. Mo fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀dà.”

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu àwọn kan, Àjàgbé gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ìyẹn jẹ́ ọgbọ́n, òun kò ní jà nítorí ewé. Ṣùgbọ́n Julianah wà níjòókòó, obìnrin náà ló gbé ikú òun wọ̀lú, àwọn ará ìdíkọ̀ sì ti ní ẹnu ọmọ òun ni ó ti gbọ́ ọ. Bí ọmọ òun bá lè fi ẹnu pa bàbá rẹ̀ kí ọ̀nà lè dán fún un, lọ́la yóò fi ẹnu kan náà sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé táyà jíjẹrà jẹ́ tuntun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dá ṣọ́ọ̀bù. Ìdí fìlà ló yẹ ẹ́. Sikirat tó ti jí kúrò nínú dídákú ní ẹ̀rọ náà ti ní epo lára.

Raliat wo ilẹ̀. Lèmọ́mù ní bí kì í bá ṣe ẹnu ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ òkú ti jáde, ìdájọ́ yẹn kò dúró. Ó yí sí Julianah.

“Ìyá oníbúrẹ́dì, kí ni ọmọ yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín? Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀.”

Julianah fi etí gèlè nu ojú. Ó wo Àjàgbé àti ife ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó fún oníyọnu.

“Ó ní, ‘Ẹ má sunkún, ẹ̀yin ìyá mi. Kẹ̀kẹ́ méjì ni, kò sí òkú níbẹ̀. Bàbá mi wà nílé, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.’ Èmi náà sì ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, gbogbo wa ni ẹ̀yìn ń dùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì sí afẹ́fẹ́ rere.’”